Ẹja Ahmed Fún Ẹja Táńtì Ìdíátù Lóyún

Ẹjọ́ tó wọ ààfin lánàá, inú garawa ló wà. Ahmed di ẹ̀gbẹ́ kan mú, Táńtì Ìdíátù di ẹ̀gbẹ́ kejì mú, wọ́n jọ ń fà á gba ẹnu ọ̀nà, omi ń ta sí wọn lẹ́sẹ̀, kò sì sí èyí tó fẹ́ jọ̀wọ́ rẹ̀ fún ìkejì.

Mo wà níbẹ̀ nítorí pé èmi ni télọ̀ Baálẹ̀, mo lọ wọn ṣòkòtò rẹ̀. Ẹni tí kò bá mọ ààfin wa, yàrá ńlá kan ni lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù aṣọ Baálẹ̀ ní Hamdalaye, nínú ìlú Ouaga níbí. Àga onítìmùtìmù wà níbẹ̀, fáànù kan tó ń han bí aláìsàn náà sì wà níbẹ̀. Baálẹ̀ Sùlàímọ́nù ni olórí àwa Yorùbá àdúgbò yìí. Kábíyèsí là ń pè é, nítorí pé ó fẹ́ bẹ́ẹ̀. Bí ọjà bá dákẹ́ ní ọ̀sán, á ti ṣọ́ọ̀bù, á dé fìlà, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́jọ́. Alhaji Bìláàlì tó ń ta ẹ̀yà ara moto ní Sankaryaré ni ìgbìmọ̀ rẹ̀. Ìgbìmọ̀ náà ju ẹnì kan lọ o, ṣùgbọ́n àwọn tó kù kì í wá bí kò bá sí oúnjẹ.

"Ẹ gbé e sílẹ̀," ni Baálẹ̀ wí.

Wọ́n gbé e sílẹ̀, àmọ́ wọn ò mú ọwọ́ kúrò.

Baálẹ̀ na ọrùn wo inú garawa. "Ẹja ni."

"Ẹja ni, Kábíyèsí," ni Ahmed dáhùn.

"Kí ló dé tí wọ́n pupa bí iná ẹ̀yìn moto?"

"Ohun tó gbé mi wá gan-an nìyẹn, Kábíyèsí. Ọmọ mi ni wọ́n."

"Subuhana-Lláhi!" ni Alhaji Bìláàlì ké, ó sì fa ẹsẹ̀ rẹ̀ sẹ́yìn kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ garawa.

Ahmed yìí, Ouaga ni wọ́n bí i sí, ilé ẹ̀kọ́ Faransé ló lọ. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa gbé àpótí dígí tí ẹja ń lúwẹ̀ẹ́ nínú rẹ̀ sí pálọ̀ àwọn ọlọ́lá ní àdúgbò Ouaga 2000. Opó ni Táńtì Ìdíátù, aṣọ ló ń tà. Ọkọ rẹ̀ ló fi àpótí dígí kan sílẹ̀ fún un, pẹ̀lú ẹja wẹ́wẹ́ onílà, àwọ̀ eérú, èyí tí kò ju ìka ọwọ́ ọmọdé lọ.

"Ahmed, ìwọ lo pè é lẹ́jọ́. Rojọ́," ni Baálẹ̀ wí.

"Kábíyèsí, ẹ rántí ìgbà ooru yẹn, tí wọ́n ń mú kúràn lọ lójoojúmọ́, tí kò sí iná. Ẹ̀rọ tó ń fẹ́ atẹ́gùn sínú omi ẹja mi dúró pátápátá. Mo sì ní àwọn ẹja pupa kan níbẹ̀, Lomé ni mo ti lọ kó wọn, ẹja àwọn èèyàn ńlá ni. Wọ́n léfòó, wọ́n ń la ẹnu bí ẹni tó fẹ́ pe ìrun. Táńtì ní iná oòrùn lórí òrùlé. Ni mo bá gbé ẹja mi lọ bá wọn. Mo ní, 'Táńtì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi gbà wọ́n sílé.'"

"Wọ́n gbà wọ́n?"

"Wọ́n gbà wọ́n, barka, mo dúpẹ́. Wọ́n kó wọn sínú dígí kan náà pẹ̀lú ẹja tiwọn."

"Ẹni tó ṣe ẹ́ lóore lo wá fà wá síbí?"

"Kábíyèsí, ẹ jẹ́ kí n parí ẹ̀. Nígbà tí kúràn dé, mo kó ẹja mi lọ. Mi ò mọ̀ pé ẹja mi ti fún ẹja wọn lóyún."

Baálẹ̀ tún na ọrùn wo inú garawa.

"Ní báyìí, àwọn ọmọ ti dàgbà," ni Ahmed ń bá a lọ. "Ẹ wò wọ́n, pupa ni wọ́n! Ta ló pupa nínú bàbá àti ìyá? Bàbá ló pupa. Ta ló ni bàbá? Èmi ni! Òtẹ́ẹ̀lì kan ní Ouaga 2000 ti rí wọn, wọ́n fẹ́ kó wọn sí ẹnu ọ̀nà ibi tí wọ́n ti ń gba àlejò, èmi ni mo sì fẹ́ gbé dígí ńlá rẹ̀ lọ. Táńtì sì ti gbà láti tà wọ́n. Wọ́n fẹ́ ta ọmọ mi, Kábíyèsí! Franchement, ká sòótọ́, kò dáa."

"Ṣé ìwọ kọ́ lo máa ń gbé ẹja lọ sí òtẹ́ẹ̀lì?" ni Alhaji Bìláàlì bi í.

"Èmi ni."

"Tó bá jẹ́ ìwọ lo tà wọ́n, ṣé ọmọ ẹ kọ́ náà ni?"

"Ìyẹn yàtọ̀, Alhaji. Bàbá ló máa tà wọ́n nígbà yẹn."

Baálẹ̀ kọjú sí Táńtì Ìdíátù. "Ìyá ẹja, ẹ̀yin ló kàn."

Táńtì kúnlẹ̀, ó tún gèlè rẹ̀ ṣe. "Kábíyèsí, ẹ̀mí yín á gùn. Irọ́ ni ọmọ yìí ń pa. Ẹja mi ò bá ẹja ẹ̀ ṣe nǹkankan. Inú ilé adúróṣinṣin ni mo ti tọ́ wọn. Ẹ̀yìn òkúta ni wọ́n wà ní gbogbo ìgbà tí àwọn oníranù yẹn fi wà lọ́dọ̀ wa."

"Báwo ni àwọn ọmọ ṣe wá pupa?"

"Fámásì ni."

"Kí ni?"

"Fámásì kan dojú kọ fèrèsé mi, Kábíyèsí. Wọ́n gbé iná àgbélébùú kan sókè, ó ń tàn, ó ń kú, ó ń tàn, ó ń kú. Iná yẹn ló wọ inú ẹyin. Ẹyin ẹja kò ní èèpo líle bíi ti adìẹ. Gbogbo ohun tó bá ń tàn lójúde ló ń wọlé sí i."

Alhaji Bìláàlì fa ojú ro. "Iná fámásì kọ́ ló ní àwọ̀ ewé?"

"Ó di pupa nínú omi," ni Táńtì dáhùn, ojú rẹ̀ kò sì ṣẹ́.

"Ẹ lẹ́lẹ́rìí?"

"Mo ní. Mariama rè é, ògiri kan ṣoṣo ló wà láàrin ilé wa."

Mariama ti wà lẹ́nu ọ̀nà láti ìgbà tí wọ́n ti wọlé. Ó bọ́ bàtà, ó wọlé, ó kúnlẹ̀.

"Mariama, ṣé o mọ fámásì náà?"

"Mo mọ̀ ọ́n, Kábíyèsí. Mo sì máa ń rí iná ẹ̀."

"Ẹ gbọ́ o!" ni Táńtì wí.

"Mo sì rí àwọn ẹja náà."

"Ó tó, Mariama," ni Táńtì wí.

"Kò tó," ni Baálẹ̀ wí. "Kí lo rí?"

"Ilẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ́ ni. Àwọn pupa ń lé àwọn eléérú kiri inú dígí, wọ́n ń fi ẹ̀gbẹ́ gbá wọn. Táńtì ló ké sí mi láti orí ògiri. Wọ́n ní, 'Mariama, sáré wá, wá wo ìyàwó!'"

"Mo ń ṣeré ni," ni Táńtì wí.

"Ẹ pàtẹ́wọ́ lọ́jọ́ náà, Táńtì," ni Mariama wí. "Ẹ tiẹ̀ jó díẹ̀."

Baálẹ̀ mi orí. "Fámásì ti kúrò nínú ẹjọ́ yìí. Kó máa lọ sílé."

"Voilà!" Ahmed gbá ọwọ́ méjèèjì pọ̀. "Ẹ rí i? Ọmọ mi ni wọ́n."

"Ìwọ náà ní ẹlẹ́rìí?"

"Mo ní. Jìbírílù ló fi moto rẹ̀ gbé wa lọ, òun náà ló gbé wa bọ̀."

Jìbírílù dìde lórí bẹ́ǹṣì. Ọkùnrin gíga ni, ó sì jọ pé ó ti ń retí kí wọ́n pè é.

"Jìbírílù, ọ̀rẹ́ mi, sọ fún wọn," ni Ahmed wí, "bí mo ṣe bẹ Táńtì pé kí wọ́n fi ẹja mi sí ọ̀tọ̀."

"O ò bẹ̀ wọ́n," ni Jìbírílù wí.

"Mo bẹ̀ wọ́n!"

"Táńtì ní àwọn ò ní dígí méjì. Ìwọ lo ní kí wọ́n dà wọ́n pọ̀, pé wọ́n á mọ ara wọn."

"Wọ́n kúkú mọ ara wọn," ni Alhaji Bìláàlì wí.

"Kábíyèsí, ọ̀rọ̀ ṣì kù," ni Jìbírílù wí. "Lọ́jọ́ tí a lọ kó ẹja padà, Táńtì fi ẹyin hàn án nísàlẹ̀ dígí. Wọ́n rí bíi hóró iyọ̀. Táńtì ní, 'Ahmed, wo ohun tí ẹja ẹ ṣe. Kí ni ká ṣe sí wọn?'"

"Jìbírílù!"

"Ó ní ìdọ̀tí ni. Ó ní kí wọ́n dà á nù pẹ̀lú omi. Bí ó sì ṣe ń sọ̀rọ̀ yẹn, ẹja rẹ̀, bàbá wọn, ń ṣa ẹyin náà jẹ bí ẹni ń jẹ ẹ̀pà."

Baálẹ̀ gbé ọwọ́ sókè. "Ó ń jẹ kí ni?"

"Ẹyin tirẹ̀, Kábíyèsí."

"Gbogbo irú ẹja yẹn ló ń ṣe bẹ́ẹ̀!" ni Ahmed pariwo. "Ìyá náà jẹ níbẹ̀!"

Baálẹ̀ wo Táńtì. "Ìyá náà jẹ?"

"Ó kàn tọ́ ọ wò ni."

Ẹ̀rín pa Mariama, ó fi ọwọ́ bo ẹnu.

"Kábíyèsí," Táńtì tún ìkúnlẹ̀ rẹ̀ ṣe, "nígbà tí ọmọ yìí ní kí n da ẹyin nù, asẹ́ ògì mi ni mo fi gbà wọ́n. Mo kó wọn sínú abọ́ ọ̀tọ̀. Nígbà tí wọ́n yọ, wọn ò ju fọ́nrán irun lọ. Mo ń se ẹyin adìẹ, mo ń fi ìka lọ pupa rẹ̀ kúnná nínú omi, mo ń kán an sí wọn lẹ́nu. Mo ń pẹ́ dé ọjà nítorí wọn. Ibo ni bàbá wà nígbà náà? Bàbá wà ní Ouaga 2000!"

Ọ̀rọ̀ yìí wọ gbogbo wa lára. Ahmed pàápàá wo ilẹ̀. Ṣùgbọ́n kò pẹ́ tó fi gbé orí sókè.

"D'accord, mo gbà, Táńtì ti ṣe wàhálà. Ṣùgbọ́n ti àwọ̀ là ń wí. Òtẹ́ẹ̀lì ò wá ra wàhálà, àwọ̀ ni wọ́n fẹ́ rà. Àwọ̀ yìí sì ní ẹni tó ni ín. Àwọn tó tà á fún mi ní Lomé kìlọ̀ fún mi. Wọ́n ní àwọn òyìnbó tó ṣẹ̀dá rẹ̀ ló ni ín, pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ jẹ́ kí ẹja náà bímọ kó sì tà wọ́n."

"Ẹnikẹ́ni?" ni Baálẹ̀ béèrè.

"Ẹnikẹ́ni, Kábíyèsí."

"Ìwọ náà ńkọ́?"

Ahmed sún sẹ́yìn díẹ̀ kúrò nídìí garawa.

"Alhaji, ẹ bá mi ṣí ojú sí i," ni Baálẹ̀ wí. "Ọkùnrin yìí ti fi ẹnu ara rẹ̀ lé ara rẹ̀ jáde nínú ẹjọ́. Ṣùgbọ́n kí n tó lọ síbì kan, mo fẹ́ mọ ohun tí mò ń dá lẹ́jọ́. Nadia!"

Nadia, ọmọ Baálẹ̀, jáde láti inú yàrá pẹ̀lú fóònù lọ́wọ́. Ìmọ̀ nípa ohun ẹlẹ́mìí ló ń kọ́ ní yunifásítì.

"Ṣàlàyé ẹja yìí fún wa. Má fi Faransé ṣe é."

Nadia lóṣòó ti garawa. "Bàbá, àwọn eléérú onílà yẹn ni gbogbo wọn jẹ́ tẹ́lẹ̀. Ẹran omi kan wà nínú òkun, ó rọ̀ bí ẹ̀kọ tútù, ara rẹ̀ máa ń tàn. Ohun kan wà lára rẹ̀ tó ń mú kó tàn, tí ọmọ sì ń jogún lára òbí. Àwọn onímọ̀ yọ ohun yẹn, wọ́n fi sínú ẹyin ẹja. Ẹja tó yọ níbẹ̀ ń tàn, ọmọ rẹ̀ náà lè tàn. Kì í ṣe ọ̀dà. Inú ẹ̀jẹ̀ ló wà."

"Bíi kéèyàn gbé ẹ́ńjìnì Japan sínú moto Ṣáínà?" ni Alhaji Bìláàlì béèrè.

"Ó fara jọ ọ́, Alhaji. Àfi pé moto tiwa yìí ń bímọ, wọ́n sì ń bí àwọn ọmọ náà pẹ̀lú ẹ́ńjìnì Japan."

"Moto tó ń bímọ!" Alhaji gbá orí mú. "Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ kí àwọn ará Ṣáínà gbọ́. Ṣọ́ọ̀bù mi ti parí."

"Kí ni wọ́n tìtorí ẹ̀ ṣe é?" ni Baálẹ̀ béèrè.

"Wọ́n kọ́kọ́ fẹ́ kí ẹja máa fi hàn wọ́n bí ìdọ̀tí olóró bá wà nínú omi."

"Iṣẹ́ gidi nìyẹn. Báwo ló ṣe wá dé pálọ̀?"

"Ó rẹwà, Bàbá."

Alhaji Bìláàlì na ìka sókè. "Ẹ̀ṣẹ̀ ni! Ohun tí Ọlọ́run dá ní àwọ̀ eérú, ta ni èèyàn tí á wá kùn ún ní pupa? Ẹ má jẹ̀ẹ́ ká máa yí iṣẹ́ Ọlọ́run padà!"

"Alhaji," ni Táńtì Ìdíátù fi ohùn jẹ́jẹ́ wí, "irùngbọ̀n yín dúdú ju ti àkọ́bí yín lọ."

Mo ti mọ̀ pé ẹnì kan máa sọ ọ́. Alhaji fọwọ́ bo àgbọ̀n.

"Irùngbọ̀n mi ni! Èmi ni mo ni ín. Mo bi ara mi léèrè, ara mi sì gbà."

"Ẹja ńkọ́, Alhaji?" ni Nadia béèrè. "Ta ló bi í?"

Gbogbo wa wá ń wo inú garawa. Àwọn pupa ń sáré yí po lókè omi, wọ́n dára lóòótọ́, èmi náà fẹ́ràn wọn.

"Bí wọ́n bá kó wọn sínú omi pẹ̀lú ẹja ńlá," ni Nadia wí, "àwọn ni wọ́n máa kọ́kọ́ jẹ. Wọn ò ní ibi tí wọ́n lè sá pamọ́ sí."

Baálẹ̀ tẹ̀ síwájú. "Àwọn wo ló wà nísàlẹ̀ yẹn?"

Nígbà náà ni mo tó rí wọn. Àwọn ẹja kékeré kan, aláwọ̀ eérú, onílà, wọ́n kó ara wọn jọ sí ìdí garawa.

"Ìyẹn ti Táńtì," ni Ahmed yára wí.

"Ṣé wọn kì í ṣe ọmọ bàbá kan náà, ìyá kan náà ni?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n wọn ò mú àwọ̀ mi, Kábíyèsí. Mi ò bá wọn ní nǹkankan ṣe."

"Ṣé o bímọ?"

"Mo bí ọkùnrin kan, obìnrin kan. Barka."

"Èwo ló jọ ẹ́?"

"Obìnrin ni. Gbogbo ayé ló ń sọ ọ́."

"Ta lo wá fún ní ọkùnrin náà?"

"Ha! Kábíyèsí!"

"Mò ń béèrè ni. Nílé tìẹ, bí ẹja bá bímọ tí àwọn kan kò sì tàn, kí lo máa ń ṣe sí wọn?"

Ahmed bẹ̀rẹ̀ sí í nu ọwọ́ sára ṣòkòtò. "Wọ́n máa ń... ó dá lórí..."

"Gọ́tà ló máa ń dà wọ́n sí," ni Jìbírílù wí. "Èmi ni mo máa ń bá a gbé e. Àwọn pupa tí ẹ̀yìn wọn bá ṣẹ́ náà wà níbẹ̀."

"Gọ́tà tó ń ṣàn lọ síbo?"

"Sí barrage, Kábíyèsí."

Ariwo sọ. Barrage ni adágún omi ìlú wa, níbi tí àwọn kan ti ń pẹja, tí àwọn obìnrin sì ti ń bomi rin ẹ̀fọ́ tí gbogbo wa ń jẹ.

"Ahmed!" ni Nadia pariwo. "Kò sẹ́ni tó mọ ohun tí wọ́n lè bí níbẹ̀! Ṣé o fẹ́ kí ẹja ibẹ̀ náà máa tàn..."

"Ẹja kékeré ni wọ́n!"

"Ìwọ náà kéré rí," ni Baálẹ̀ wí, kò sì rẹ́rìn-ín.

Táńtì Ìdíátù ti ń fi ìgbéraga nà tàntàn. "Ẹ rí irú èèyàn tí mò ń bá fà á, Kábíyèsí. Èmi tí mo fi pupa ẹyin tọ́ gbogbo wọn láìyọ ọ̀kan sílẹ̀."

"Ẹ kú iṣẹ́. Lọ́jọ́ tí òtẹ́ẹ̀lì bá wá kó àwọn pupa, ibo ni àwọn eléérú ń lọ?"

"Ilé, Kábíyèsí. Ọ̀dọ̀ mi ni wọ́n máa wà."

"Táńtì," ni Mariama fi ohùn kékeré béèrè, "ṣé kí n má mú pẹ́pẹ́yẹ mi wá mọ́ nìyẹn?"

"Pẹ́pẹ́yẹ wo?" ni Baálẹ̀ béèrè.

"Táńtì ní kí n mú pẹ́pẹ́yẹ mi wá lẹ́yìn tí òtẹ́ẹ̀lì bá lọ tán. Wọ́n ní oúnjẹ wà fún un nínú abọ́."

Bí ẹ bá rí ojú Táńtì! Gèlè rẹ̀ yẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́, kò tún un ṣe. Ó kúrò lórí ìkúnlẹ̀, ó jókòó sílẹ̀ pátápátá. Nígbà tó máa sọ̀rọ̀, kò sí ìjà nínú ohùn rẹ̀ mọ́.

"Kábíyèsí, dígí mi ò gba gbogbo wọn. Òtẹ́ẹ̀lì ò sì fẹ́ eléérú." Ó wo inú garawa. "Ní ìbẹ̀rẹ̀, mi ò mọ ọ̀kan yàtọ̀ sí èkejì. Ṣùgbọ́n láàárọ̀ ọjọ́ tí mo rí i pé àwọn kan pupa, inú mi dùn débi pé mi ò rí àwọn yòókù mọ́. Mo ń bọ́ wọn, mi ò rí wọn."

Baálẹ̀ ṣí fìlà, ó nu òógùn, ó dé e padà. Bí ó bá ti ṣe bẹ́ẹ̀, ìdájọ́ dé nìyẹn.

"Ahmed, dìde. Ìdíátù, ẹ dìde. Ẹja Ahmed ló fún ẹja Ìdíátù lóyún. Ìdíátù rí i, ó pàtẹ́wọ́, ó jó. Ìgbéyàwó ti wáyé nìyẹn, ẹlẹ́rìí sì wà. Ahmed, àna ẹ lò ń bá ṣẹjọ́. Dọ̀bálẹ̀ fún un."

"Kábíyèsí, èmi?"

"Dọ̀bálẹ̀."

Ahmed dọ̀bálẹ̀ nínú omi tó ta sílẹ̀. Omi náà rin ṣẹ́ẹ̀tì funfun rẹ̀ gbindin.

"Àwọn tó wà nínú garawa yìí, ọmọ ọmọ yín ni wọ́n, ẹ̀yin méjèèjì. Ní àdúgbò mi, a kì í ta ọmọ ọmọ ẹni fún òtẹ́ẹ̀lì. A kì í pe pẹ́pẹ́yẹ sí i. A kì í dà á sí gọ́tà. Ahmed, dígí ńlá tó o fẹ́ gbé lọ sí òtẹ́ẹ̀lì yẹn, pálọ̀ àna ẹ lo máa gbé e lọ. Ìdáná ẹ nìyẹn."

"Kábíyèsí, dígí yẹn..."

"Ṣé kí n fi iṣu kún un?"

"Rárá, Kábíyèsí."

"Nadia á fi akọ sọ́tọ̀, á fi abo sọ́tọ̀, kí ìran yìí parí sọ́wọ́ yín. A ò bi wọ́n léèrè kí wọ́n tó wáyé. Ẹ máa tọ́jú wọn títí ọ̀kọ̀ọ̀kan á fi kú fúnra rẹ̀. Nínú ilé tìrẹ náà, Ahmed, gọ́tà ti kúrò nínú iṣẹ́ ẹ. Jìbírílù ló máa máa wá sọ fún mi."

Jìbírílù tẹrí ba, bí ẹni tí wọ́n fi joyè.

Mo rò pé ó parí. Táńtì náà rò bẹ́ẹ̀, ó ti ń wá bàtà rẹ̀.

"Mi ò tíì parí," ni Baálẹ̀ wí. "Lọ́jọ́ Ẹtì tó ń bọ̀, lẹ́yìn ìrun, a máa sọ wọ́n lórúkọ."

"Àwọn wo?"

"Gbogbo wọn. Pupa, eléérú. Kí orúkọ ẹnì kan má jọ ti ẹnì kejì. Láti ìgbà náà lọ, bí ọjọ́ Ẹtì bá ti dé, màá wá sí pálọ̀ Ìdíátù, màá na ìka sí ọ̀kan. Ẹ ó sọ orúkọ rẹ̀ fún mi. Ẹni tó bá ṣì í pè, òun ló máa gbá iwájú ṣọ́ọ̀bù... iwájú ààfin yìí, títí di Ẹtì mìíràn."

Alhaji Bìláàlì fi ẹnu kò ó létí, àmọ́ gbogbo wa gbọ́. "Kábíyèsí, tó bá jẹ́ eléérú lẹ na ìka sí ńkọ́?"

"Eléérú ni mo máa máa na ìka sí."

Ahmed di orí mú. "Kábíyèsí, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín! Ẹ jẹ́ kó jẹ́ àwọn pupa. Ojú kan náà ni gbogbo àwọn eléérú yẹn ní! Báwo ni mo ṣe fẹ́ mọ̀ wọ́n yàtọ̀?"

"Nínú ilé yín, ṣé ẹ ní ìbejì?"

"Àwọn àbúrò mi obìnrin."

"Èmi ò mọ̀ wọ́n yàtọ̀ títí dòní. Ìyá yín ńkọ́?"

"Wọ́n mọ̀ wọ́n. Kódà láti ẹ̀yìn."

"Kí ni ìyá yín ṣe tó fi mọ̀ wọ́n?"

Ahmed rò ó. "Wọ́n máa ń wò wọ́n, Kábíyèsí."

"Lọ máa wò wọ́n."

Baálẹ̀ dìde, ó lọ ṣí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Alhaji Bìláàlì tẹ̀ lé e, ó ṣì di irùngbọ̀n mú. Mariama àti Jìbírílù bọ́ síta, mo gbọ́ tí ẹ̀rín ń pa wọ́n títí wọ́n fi kọjá mọ́ṣáláṣí.

Ó wá ku Ahmed àti Táńtì Ìdíátù nídìí garawa. Mo rò pé ìjà ló tún fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Ahmed kúnlẹ̀, aṣọ rẹ̀ ń ro tótó, ó tẹ orí ba lórí omi, ó sì pẹ́ níbẹ̀.

"Táńtì."

"Kí ni?"

"Èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yẹn. Ìlà kan já láàrin lára ẹ̀."

Táńtì wá awò ojú nínú báàgì, ó fi sójú, òun náà kúnlẹ̀. "Ibo?"

"Ó ti yí padà. Ó tún ń bọ̀. Òun nìyẹn."

"Ẹn-ẹn. Mo rí i." Ó wò ó pẹ́. "Láti kékeré ni ìlà àwọn mìíràn ti máa ń já bẹ́ẹ̀, àbí ó ṣèṣe ni?"

"Mi ò mọ̀."

"Ìwọ tí ẹja ni iṣẹ́ ẹ láti ọjọ́ yìí?"

"Àwọn eléérú?" Ahmed kò gbé ojú kúrò nínú omi. "Mi ò tíì wò wọ́n rí, Táńtì."